Àgádágodo Tí Wọn Kì í Fún Àjèjì

Ní Dichemso, àdúgbò wa ní Kumasi, ní Ghana, ní ìparí àwọn ọdún 1990, bí o bá ní ọ̀rọ̀ tí o kò fẹ́ kí ayé gbọ́, o lè sọ ọ́ láàárín ọjà, o lè sọ ọ́ nínú ọkọ̀ èrò tírótìró tó kún fọ́fọ́, kò sí ẹni tó máa dá ọ lóhùn. Ibi tí o kò gbọdọ̀ gbé e dé ni sẹ́ńtà.

Sẹ́ńtà ni à ń pe ilé tẹlifóònù tó wà ní ìkóríta wa. Ibẹ̀ la ti ń pe ìlú òkèèrè, ibẹ̀ la ti ń gba fáàsì, nígbà tó sì yá, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo dé síbẹ̀, wọ́n fi aṣọ léèsì bò ó bí ọmọ tí wọn ò tíì kó jáde. Ọmọ Àṣàǹtí ni ọ̀gá sẹ́ńtà. Kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù yìí, ibùdókọ̀ Kejetia ló ti ń pe èrò sínú ọkọ̀, ohùn tó sì fi ń pe Accra kí ọkọ̀ lè kún, òun náà ló gbé wọnú iṣẹ́ tuntun. Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni. Kò níkà nínú rárá. Kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan sínú ni.

Àdírẹ́sì í-meèlì kan ni gbogbo àdúgbò ń lò, ti sẹ́ńtà. Bí lẹ́tà bá wọlé, ọ̀gá á tẹ̀ ẹ́ jáde, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á kà á láti òkè délẹ̀ kó lè mọ ẹni tó ni ín. Kó tó ránni sí ọ, ẹni tó ń ta kẹ́ńkẹ́ ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ní London ti pàdánù iṣẹ́. Tẹlifóònù náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àpótí pákó la ti ń pè, àfi kí èèyàn pariwo kí wọ́n tó gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Mo rántí ìyá kan tó ń bi ọmọ rẹ̀ ní Italy bóyá ó ń jẹun dáadáa, kí ọmọ tó fèsì, àwọn tó jókòó síta ti ní, "Ó ń jẹun, Màámi, ẹ bi í nígbà tó máa wálé."

Inú ayé yẹn ni èmi pẹ̀lú ọkọ mi ti ní àṣírí.

Tíṣà ni mí, ọmọ Yorùbá onígbàgbọ́ láti àdúgbò Sawaba, wọ́n bí mi sí Kumasi, wọ́n bí bàbá mi síbẹ̀ náà. Ọkọ mi ń ta ẹ́ńjìnnì àlòkù ní Suame Magazine. Ilé àwọn àlùfáà Ìlọrin ni wọ́n ti bí i, ilé bàbá rẹ̀ la sì ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Àlájà. Ó ti pẹ́ tí a ti fẹ́ra, kò sí ọmọ. Àlájà kì í pariwo mọ́ni. Ọ̀nà tirẹ̀ ni pé á jókòó tì mí níbi tí mo bá ti ń ṣa ẹ̀wà, á bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọmọbìnrin kan ní Sawaba, ọmọ ilé rere, tó mọ wàákyè, ìrẹsì àti ẹ̀wà, sè bí ẹni pé wọ́n bí i sínú ìkòkò.

Mo máa ń ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká rán èèyàn lọ ra wàákyè náà wá, ká fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ sílé wọn."

Á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ Sawaba á tún dé inú ọ̀rọ̀.

Mo bẹ ọkọ mi títí kó tó gbà pé kí àwa méjèèjì jọ lọ ṣe àyẹ̀wò, ní ibi tí ẹnì kan kò ti mọ̀ wá. Èsì jáde. Èmi kò ní nǹkan kan. Òun ni wọ́n rí nǹkan lára rẹ̀. Ó jókòó sórí ìjókòó ọkọ̀ rẹ̀, kò ṣíná ọkọ̀, ó ń fi ìka nu eruku orí síárìn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí: kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, pàápàá jù lọ ìyá òun. Mo gbà. Kí ẹ tó yìn mí, ẹ rántí ohun tí mo gbà: pé kí n máa gbọ́ ìròyìn wàákyè, kí n máa dákẹ́, títí wọ́n á fi gbé ìyàwó wọlé tì mí nítorí ohun tí kì í ṣe tèmi.

Àbúrò ọkọ mi nìkan la sọ fún, nítorí pé dókítà ni, ní Amẹ́ríkà. A fi èsì àyẹ̀wò rán ẹnì kan tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ. A ò fi í sí póòsì. Lẹ́tà póòsì lè pẹ́ lọ́nà, àwọn tó ń wá dọ́là nínú rẹ̀ á sì ti tú u. A ń retí kí òun náà rán ẹni tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ti kọ́ ọ ní ìkánjú. Í-meèlì ló fi fèsì.

Mo ń bọ̀ láti ilé-ìwé lọ́jọ́ náà nígbà tí ẹlẹ́ja pè mí, ó fi ẹja ńlá kan lé èyí tí mo rà, ó ní, "Tíṣà, ẹ máa jẹun. Ẹ má ronú." Obìnrin tó ń rán aṣọ dìde dúró kí mi, òun tí kì í dìde fún pásítọ̀. Mo dé sẹ́ńtà, ọ̀gá na ìwé sí mi, ojú rẹ̀ kún fún àánú. Ohun tó wà níbẹ̀ kò pọ̀: ó ti rí èsì àyẹ̀wò náà, kò burú jù, ìtọ́jú wà, òun á kọ àlàyé ránṣẹ́. Kò dárúkọ ẹni tí àìsàn wà lára rẹ̀. Ìyẹn ló yọ ọkọ mi. Gbogbo àdúgbò gbà pé èmi ni.

Àlájà náà gbọ́. Kò sọ nǹkan kan nípa Sawaba fún odindi ọ̀sẹ̀, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Mo bá pe àbúrò ọkọ mi látinú àpótí pákó.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ gba í-meèlì mi?"

"Gbogbo Dichemso ló gbà á. Wọ́n ní kí n kí yín."

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní ọ̀nà wà. Ó ní ohun kan wà tí wọ́n ń lò ní ọsibítù àwọn, tí wọ́n ń gbé sínú kọ̀ǹpútà. Tí wọ́n bá fi ti lẹ́tà pa, ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á kàn rí wúruwùru ni. Ọ̀fẹ́ ni. Ó pe àdírẹ́sì ojú ìwé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ti máa rí i, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò kàn fi í ránṣẹ́ sí mi?"

"Òfin ò gbà á. Ní ti ìjọba ibí, ẹni tó bá fi irú nǹkan yìí ránṣẹ́ sókè òkun, ó dà bí ẹni kó ohun ìjà jáde ni."

"Àgádágodo lásán?"

"Àgádágodo náà ló le jù fún wọn. Ẹ ṣáà gbìyànjú ojú ìwé yẹn, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń bi àwọn tó wà lóde."

Lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnì kan tó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ká tilẹ̀ ní a rí i gbà, inú kọ̀ǹpútà ọ̀gá sẹ́ńtà náà ni kọ́kọ́rọ́ máa wà. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó mọ nǹkan kì í tètè dé.

Bí mo ṣe jókòó ti ọ̀gá sẹ́ńtà lọ́sàn-án ọjọ́ kan nìyẹn. Lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wa, Màámi Italy ń dúró de ìpè ọmọ rẹ̀, fítà kan tó ń tún mọ́tò ṣe ní Magazine sì ń dúró de fáàsì, girísì ṣì wà ní ìka rẹ̀. Twi, èdè Àṣàǹtí, ni gbogbo wa ń sọ, èmi ni mo ń fi Yorùbá ròyìn rẹ̀ fún yín. Ẹ̀rọ ń hu wíwí bí ọmọ ológbò tí ilẹ̀kùn há nírù. Ojú ìwé náà ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó pé, ọ̀gá gbé ohùn Kejetia jáde.

"Tíṣà, wọ́n ní kí wọ́n tó fún yín, wọ́n fẹ́ mọ̀ yín. Orúkọ?"

"Kọ ọ́ síbẹ̀."

"Èwo nínú wọn?"

Ìbéèrè gidi ni. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí wà, ti ìrìbọmi wà. Orúkọ ọjọ́ ìbí ti àwọn Àṣàǹtí wà, èyí tí wọ́n fi kọ mí sílẹ̀ nílé-ìwé kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí pé níbo ni ilé wa wà. Orúkọ tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ yìgì wà. Fọ́ọ̀mù náà fi àyè méjì péré sílẹ̀.

Fítà na ọrùn. "Tíṣà, ẹ má kọ tiyín. Ẹ kọ ti ẹni tó ń gbé lọ́hùn-ún. Kí lorúkọ àbúrò ọkọ yín, dókítà?"

"Eyínfúnjowó," ni mo wí.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó dúró. "Ṣé ti bàbá wọn nìyí, àbí ti wọn?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìyàwó ilé rí á mọ̀. Ìyàwó kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n bí lọ́jọ́ tó wọlé. Mo bá a nílé, eyín rẹ̀ funfun, mo sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó, ó jẹ́ mi, ó parí. Àwọn yòókù ń pè é ní Dókítà. "Àbúrò yín" ló ń kọ sí ìparí lẹ́tà. Mi ò tilẹ̀ lè fi orúkọ bàbá ọkọ mi gbè é lẹ́sẹ̀, torí nínú ilé wa, ọ̀kan ń fi orúkọ bàbá ṣe ti ìdílé, ìkejì ń fi ti bàbá bàbá, ìkẹta ti di ọmọ Àṣàǹtí lórí ìwé.

Màámi Italy ní, "Ẹ ti bá wọn gbélé, ẹ ò mọ orúkọ àbúrò ọkọ yín?"

"Màámi, èèwọ̀ ni."

"Kó kọ èèwọ̀ síbẹ̀ nìyẹn?"

A padà sí orúkọ tèmi. Ọ̀gá mú méjì tó dùn mọ́ ọn nínú wọn. Ó bèèrè òpópónà àti nọ́ńbà ilé. A ò ní òpópónà. Ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé ẹ̀yìn ilé epo, kí wọ́n kọjá igi máńgòrò, kí wọ́n bèèrè ilé Àlájà. Ó fi nọ́ńbà sẹ́ńtà sí ibi tẹlifóònù. Wọ́n tún ń béèrè nọ́ńbà kan tí wọ́n fi ń mọ àdúgbò ní Amẹ́ríkà. Fítà ní kò nira, ó ka nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó wà lórí ìwé ọwọ́ rẹ̀, wọ́n fi mélòó kan nínú rẹ̀ dí i.

Ìgbà yẹn ni Màámi Italy wá béèrè ohun tí kò sí nínú fọ́ọ̀mù.

"Tíṣà, kí lẹ fẹ́ fi tì pa gan-an?"

Mo rí i tí ojú gbogbo bẹ́ǹṣì lọ sí ikùn mi, tí wọ́n sì yára gbé e kúrò. Mo wá mọ ohun tí mo ṣe. Ẹni tó bá lọ ra àgádágodo láàárín ọjà ti sọ fún gbogbo ọjà pé òun ní nǹkan nílé.

"Ìwé ìdánwò àwọn ọmọ iléèwé," ni mo wí. Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́.

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú. "Ó ní, ṣé ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tàbí Kánádà ni yín?"

Ìbéèrè yẹn ní òórùn kan fún àwa Yorùbá, ọmọ Alátà bí wọ́n ṣe ń pè wá, tí a dàgbà sí Ghana. Mo kéré nígbà tí ìjọba ìgbà náà ní kí àlejò tí kò níwèé máa lọ. Mo rántí àwọn ará ilé tó wà lẹ́yìn ilé wa, tí wọ́n fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé ọmọ ibo ni mí, mo kọ́kọ́ máa ń wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó mú ìwé dání.

Bí mo ṣe ń rò ó lọ́wọ́, ọ̀gá ní, "Mo ti bá yín tẹ̀ ẹ́."

"Kí lo tẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ti di ọmọ Amẹ́ríkà."

Bẹ́ǹṣì pàtẹ́wọ́. Fítà bẹ̀ mí pé tí mo bá dé ibẹ̀, kí n má gbàgbé òun. Màámi Italy ní ojú mi tilẹ̀ ti jọ tiwọn.

"Ó tún kù," ni ọ̀gá wí. "Ó ní kí ẹ ṣèlérí pé ẹ ò ní gbé e fún ọ̀tá Amẹ́ríkà."

"Ta ni ọ̀tá wọn?"

"Wọn ò tò wọ́n síbí yìí."

"Wò ó dáadáa fún mi bóyá ìyá ọkọ mi wà níbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, èmi náà rẹ́rìn-ín, ọ̀gá sì tẹ èyí tó gbẹ̀yìn. A dúró. Ẹ̀rọ ronú. Ìdáhùn dé, kò gùn: wọ́n ní àwọn wo ibi tí a ti ń pe àwọn, kò sí lára ibi tí àwọn lè fún ní nǹkan náà. Wọ́n dúpẹ́ pé mo wá.

Ó yé mi bí ilẹ̀kùn ṣe ń tì. Ohun tí kò yé mi ni pé wọ́n ti gba orúkọ mi méjì, wọ́n ti gba ẹ̀yìn ilé epo àti igi máńgòrò, wọ́n ti gba ilé Àlájà, wọ́n ti gba irọ́ tí mi ò fẹnu ara mi pa, kí wọ́n tó wá wo ibi tí mo wà. Mo ní kí ọ̀gá bá mi gba orúkọ mi padà. Ó wá bọ́tìnì rẹ̀ títí, kò sí.

Kí n tó délé, ìròyìn ti ṣáájú mi. Àlájà wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó, wọ́n ní o ti di ọmọ Amẹ́ríkà."

"Ọ̀gá sẹ́ńtà ló sọ mí dà á, Ìyá."

"Wọ́n sì ní o fi ilé mi júwe fún wọn." Kò rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó ń bèèrè ibi tí èèyàn ti wá, kì í ṣe nítorí àtifún un lóúnjẹ. Ṣé wọ́n fún ọ ní ohun tí o bá lọ?"

"Wọn ò fún mi."

"Ẹn-ẹ́n," ló wí, ó gbé tẹ̀síbáà rẹ̀.

Ọkọ mi kò bínú, ó kàn ń lọ ń bọ̀ nínú yàrá. Àlàyé àbúrò rẹ̀ la nílò: irú ìtọ́jú wo, lọ́dọ̀ ta ni. Ó dúró lójijì, ó ní, "Kéwú!"

Ohun tó ń sọ ni pé nílé kéwú, àti òun àti àbúrò rẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi háráfì Lárúbáwá kọ Yorùbá. Àwọn àlùfáà Ìlọrin ti ń kọ lẹ́tà síra wọn bẹ́ẹ̀ kó tó di pé òyìnbó gbé ABD dé. Bí dókítà bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tó fi fáàsì rán an, ta ló máa kà á ní sẹ́ńtà?

Mo ní, "Ta ló lè kà á ládùúgbò?"

Ó kà wọ́n sí mi lọ́wọ́. Ìyá òun ń kà á, ọmọ àlùfáà ni. Lèmọ́mù ń kà á. Gbogbo àwọn bàbá tó ń jókòó lẹ́yìn ìrun ń kà á. "Ọ̀gá sẹ́ńtà nìkan ni kò lè kà á," ló wí, "òun nìkan la sì ń sá fún."

Ọgbọ́n náà wọ̀ mí létí. Àwa méjèèjì, tíṣà àti oníṣòwò, a rò ó síwá rò ó sẹ́yìn, a ò rí àlébù kan nínú rẹ̀.

Ọkọ mi fi kéwú kọ ìwé, ó ṣàlàyé fún àbúrò rẹ̀ ohun tí a fẹ́, mo gbé e lọ sí sẹ́ńtà. Ọ̀gá nu ọwọ́ sára ṣòkòtò kó tó gbà á. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò kà á sókè. Ó bi mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni wà nínú ilé ìjọsìn, "Tíṣà, ṣé àdúrà ni?" Mo ní ó fẹ́ẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀. Mo jó délé.

Èsì dé lọ́jọ́ tí mo wà ní kíláàsì. Kò sí ariwo kankan ládùúgbò nígbà tí mo ń bọ̀. Ẹlẹ́ja kí mi bó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀. Mo wọlé, mo bá Àlájà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, awò wà lójú rẹ̀, ìwé fáàsì wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Káàbọ̀, Ìyàwó. Ọ̀gá sẹ́ńtà gbé e wá fúnra rẹ̀. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ìwé mímọ́ kò yẹ lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú ilé yìí bí kò ṣe ọwọ́ tèmi."

Mi ò mọ ibi tí mo gbé àpò mi sí.

"Ṣé o lè ka èyí?"

"Rárá, Ìyá."

"Ṣùgbọ́n o mọ ohun tó wà níbẹ̀."

Ó ká ìwé náà sí kékeré. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún, títí mo fi rò pé kò rántí pé mo wà níbẹ̀. Ó wá ní, "Ọ̀gá sẹ́ńtà ní ó dùn mọ́ òun tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi ṣe ẹ̀dà kan, òun ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí ìbùkún lè wọ ṣọ́ọ̀bù."

Àsárì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni àwọn bàbá máa ń kọjá sí sẹ́ńtà láti gba atẹ́gùn fáànù, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tí kò lè ka ohun tó wà lára ògiri yẹn.

Àlájà ti wé gèlè rẹ̀. "Kí lò ń wò? Máa bọ̀."

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó lè rìn kíákíá báyẹn. A dé ibẹ̀. Ó wà lókè kọ̀ǹpútà lóòótọ́, ọ̀gá fi rìbọ́nì Kérésìmesì yí i ká.

"Àlájà!" ni ọ̀gá wí. "Ẹ wá wò ó. Láti ìgbà tí mo ti lẹ̀ ẹ́, láìnì ò tíì já."

"Ta ló ti kà á?"

"Ta ló fẹ́ kà á? Àwa tó wà níbí, ABD la mọ̀."

"Yọ ọ́."

"Àlájà, mo bẹ̀ yín. Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń sìn."

"Ṣé o mọ ohun tó wà níbẹ̀?"

"Àdúrà."

"Àdúrà ni. Àdúrà ìpá." Ó gbé ohùn sókè díẹ̀, kí bẹ́ǹṣì lè gbọ́. "Ìpá ló ń yọ ọmọ mi lẹ́nu, òun ni àbúrò rẹ̀ kọ ìwé sí. Ẹni tí ìpá bá ń ṣe, ìwé yìí á lé e lọ. Ẹni tí kò ṣe, tó sì gbé e kọ́ sórí ara rẹ̀, ṣé ìpá ò ní rò pé òun ni wọ́n ń pè?"

Kò sí inú ẹ̀kọ́ ìsìn tí wọ́n ti kọ́ ẹnikẹ́ni báyẹn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá sẹ́ńtà ti gun àga, ó ti fa ìwé náà ya kúrò tòun ti rìbọ́nì, ó sì fi ọwọ́ kejì di ìsàlẹ̀ ikùn ara rẹ̀ mú. Àlájà gbà á, ó fi há ìdí ìró. Bí a ṣe ń jáde, àwọn bàbá ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí. A kí wọn, wọ́n kí wa, a ṣì ń gbọ́ ọ̀gá lẹ́yìn wa tó ń fi ohùn Kejetia ròyìn ìpá ọkọ mi fún wọn. Ohùn tí a ti ń sá fún látọjọ́ yìí, Àlájà ti rán an níṣẹ́.

Lójú ọ̀nà, kò wò mí.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀ pé ara rẹ̀ ló wà?"

"Ó ti ṣe díẹ̀, Ìyá."

"O sì jẹ́ kí n máa sọ̀rọ̀ ọmọ Sawaba sí ọ létí."

"Ọkọ mi ló ní kí n má sọ."

A rìn kọjá ilé epo. Ó ní, "Mo ti rán ẹni lọ bá àwọn òbí ọmọ náà. Lọ́la, màá lọ fúnra mi, màá bẹ̀ wọ́n." Ó tún rìn díẹ̀. "Àbúrò rẹ̀ ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, wọ́n ń ṣe é ní ilé ìwòsàn ńlá níbí. Fún ọkọ rẹ ní ìwé rẹ̀. Sọ fún un pé ọwọ́ ọ̀gá sẹ́ńtà lo ti gbà á. Èmi ò rí ìwé kankan lónìí."

"Ìyá, ṣé kí n má sọ fún un pé ẹ…"

"Ọkùnrin tó bá mọ̀ pé ìyá òun mọ̀, kò ní lè jókòó jẹun lọ́dọ̀ mi mọ́. Má sọ."

Ọkọ mi lọ, wọ́n ṣe é, ó sàn. Àwọn tó wá kí i, Àlájà ló ń gbà wọ́n lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń ṣàlàyé ìpá náà fún wọn ju bó ṣe yẹ lọ, ibi tó wà, bó ṣe tóbi tó. Ọkọ mi ń gbọ́ ọ látinú yàrá, ó ń fi ìrọ̀rí bo orí. "Nínú gbogbo àìsàn ayé," ló ń wí, "ta ló sọ fún ìyá mi pé mo ní ìpá?" Mo ní kó lọ bi í. Kò lọ. Nígbà tó ṣe, a bí ọmọbìnrin kan, òun nìkan la bí, Àlájà gbé e pọ̀n títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń wọ́ nílẹ̀. Ìyá náà ti lọ báyìí, Ọlọ́run kẹ́ ẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo tú àṣírí ọkọ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́. Ó ní àwọn ọkùnrin mìíràn ń bẹ tó ń jẹ́ kí ìyàwó wọn ru ohun tí kì í ṣe tiwọn, bóyá wọ́n á kà á. Gbogbo rẹ̀ ló mọ̀, àfi apá ti èmi àti ìyá rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti ìwé ara ògiri ní sẹ́ńtà, àti ti ojú ọ̀nà. Bó bá kà dé ibí, kó má bínú sí mi. Ìyá rẹ̀ ló ní kí n má sọ.